Ìdákẹ́jẹ́ Ilé Oyin

Ìdákẹ́jẹ́ tó wà nínú yàrá kẹrin ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé náà kì í ṣe ohun tí a rí he lójú ọ̀nà. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá gbáko ni olùkọ́ fi kó o jọ, díẹ̀díẹ̀, bí ẹyẹ ṣe ń ṣa koríko kọ́ ìtẹ́. Àwọn ọmọ mẹ́rìnlélógójì jókòó ní méjì méjì sídìí tábìlì wọn, wọ́n tẹrí ba, wọ́n ń kọ̀wé. Kò sí ohun tí etí gbọ́ àfi bí pẹ́ńsùlù ṣe ń họ ojú ìwé, àti bí òrùlé páànù ṣe ń dún pà, pà, bí oòrùn ti ń mú un. Olùkọ́ dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ṣọ́ọ̀kì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń bẹ̀rù àtimí kíkan, kí ìdákẹ́jẹ́ náà má baà gbọ́, kí ó sì fò lọ.

Kí ó tó dé ibẹ̀, Ilé Oyin ni gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ń pe kíláàsì náà. Olùkọ́ mẹ́ta ni àwọn ọmọ wọ̀nyí ti lò gbó láàárín ọdún méjì, bí ẹni lo bàtà. Ohùn ti àkọ́kọ́ há kí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó pé. Èkejì ní òun fẹ́ lọ mu omi ní ọ̀sán ọjọ́ kan, títí di òní ni wọ́n ṣì ń retí rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni Bàbá Pàṣán, olùkọ́ kíláàsì kẹfà, tí wọ́n fi bojú tó wọn fún sáà kan. Lọ́dọ̀ tirẹ̀, Ilé Oyin máa ń dákẹ́ níwọ̀n ìgbà tó bá kọjú sí wọn. Bó bá ti yí sí pátákó, oyin á tún hó.

Olùkọ́ yìí kò bá wọn du ohùn. Ó ti ka ìwé púpọ̀ ní yunifásítì, kò sì fi èyí pamọ́ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ohun tó kọ́kọ́ ràn án lọ́wọ́, ojú ara rẹ̀ ló fi rí i. Ó ṣàkíyèsí pé àárín ìgbà tí agogo bá lù sí ìgbà tí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ ni ariwo ti máa ń wọlé. Nítorí náà, ó ń tètè dé, ó ń kọ iṣẹ́ àkọ́kọ́ sójú pátákó kí ọmọ kankan tó yọjú. Yóò wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, yóò kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ, tàbí ní ìnagijẹ tí ọmọ náà fẹ́, ẹni tí kò bá sì wo ojú rẹ̀ kó dáhùn kò ní wọlé. Bí ariwo bá sọ, kò ní sọ̀rọ̀. Ọwọ́ tó mú ṣọ́ọ̀kì ni yóò gbé sókè, yóò sì dúró. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, ọwọ́ náà wà lókè títí apá rẹ̀ fi kú tipiri, tí ọmọ kan fi bi í tàánútàánú bóyá ó fẹ́ jáde lọ tọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ìdajì kíláàsì ló ń dákẹ́ bí ọwọ́ bá lọ sókè. Ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, ó ku àwọn tó wà lẹ́yìn pátápátá.

Ohun kan ṣoṣo ni ó mú lò nínú ohun tó bá nílẹ̀: ìwé aláriwo. Olórí kíláàsì ló ń mú un lọ́wọ́, òun ló ń kọ orúkọ ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀. Láyé Bàbá Pàṣán, ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá jáde nínú ìwé náà á tẹ́ ọwọ́. Láyé olùkọ́ yìí, ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá jáde lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni a ó ṣí nípò. Ó rò pé àánú ni òun ṣe.

Ẹni tí orúkọ rẹ̀ jáde jù lọ ni ọmọbìnrin kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Rédíò. Kò ga ju tábìlì lọ, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀yìn pátápátá ni ó máa ń bẹ̀bẹ̀ láti jókòó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ Jẹ́jẹ́, ọmọ tó ga jù nínú kíláàsì, tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ lóòjọ́ kò kún àtẹ́lẹwọ́. Olùkọ́ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí irú èyí. Ọmọ kúkúrú tó ń sá pamọ́ sẹ́yìn ọmọ gíga, kí ni ó tún ń wá bí kò ṣe ààyè ìsọkúsọ? Ní ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ó mú Rédíò wá síwájú. Ọmọ náà sunkún. Ìyókù ariwo tó kù ní Ilé Oyin sì kú, ó kú bí iná tí a bu omi pa.

Ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí alábẹ̀wò ń bọ̀ ní ọjọ́bọ̀. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, obìnrin kan tí kì í yára sọ̀rọ̀ tí kì í sì í kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ, ti pè é sí ọ́fíìsì.

“Olùkọ́, mi ò ní tàn yín. Nígbà tí ẹ ní ẹ kò ní lo pàṣán, mo gbà fún yín, ẹnu àwọn ènìyàn kò sì kúrò lára mi láti ọjọ́ náà. Bí alábẹ̀wò bá bá kíláàsì yín létò, ẹ̀yin lẹ ni wọ́n títí ọdún yóò fi parí. Bó bá bá Ilé Oyin níbẹ̀, Bàbá Pàṣán yóò gbà wọ́n ní sáà tó ń bọ̀, ẹ̀yin á sì lọ máa tọ́jú yàrá ìwé.”

Yàrá ìwé kò ní fèrèsé. Ìwé tí eku ti jẹ létí ló kún ibẹ̀, àti àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán. Olùkọ́ mọ̀ pé ẹni tí wọ́n bá fi síbẹ̀ kì í sábà padà wá síwájú pátákó mọ́.

“Wọ́n á bá wọn létò, mà,” ó dáhùn.

Bàbá Pàṣán pàápàá gbà fún un. Kì í ṣe ènìyàn búburú. Òun ló ń bá àwọn olùkọ́ obìnrin tún àga wọn ṣe, òun ló sì máa ń kọ́kọ́ dé lárààárọ̀.

“Àbúrò mi,” ó pè é ní yàrá àwọn olùkọ́, “mo gba ẹnu ọ̀nà rẹ kọjá lówùúrọ̀, mo rò pé o ti kó wọn lọ sílé ni.”

“Wọ́n wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ò yọjú wò wọ́n?”

“Mo yọjú. Gbogbo wọn jókòó kalẹ̀ bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Kí lo fún wọn mu?”

“Sùúrù ni.”

“Sùúrù! Èmi náà ní sùúrù. Pàṣán mi ni kò ní.”

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ Ajé rèé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti túká, olùkọ́ kó ìwé àjákọ wọn jọ kí alábẹ̀wò má baà bá iṣẹ́ tí a kò tíì yẹ̀ wò. Ó yẹ kí ó ti ṣe é tipẹ́. Ìlà ẹ̀yìn ni kò tíì kàn láti nǹkan bí oṣù kan, nítorí ìdákẹ́jẹ́ ni ó ń ṣọ́, kò ráàyè ṣọ́ ìwé. Nígbà tó ṣí ìwé Jẹ́jẹ́, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ìwé náà mọ́ tónítóní. Ó kún títí dé ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, iṣẹ́ gbogbo pé, wọ́n sì gún. Láti ọjọ́ náà, déètì nìkan ló wà lókè ojú ewé kọ̀ọ̀kan, ìlà pupa tí a fi rúlà fà lẹ́gbẹ̀ẹ́, àti ọ̀rọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ìyókù ṣófo.

Jẹ́jẹ́ náà ló kàn láti gbá ilẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó wà lẹ́yìn, ó ń gbá a lọ.

“Jẹ́jẹ́, wá.”

“Ẹ pè mí, Àǹtí?”

“Kí ló ṣe ìwé rẹ?”

Ọmọ náà wo ìwé, ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. “Kò ṣe nǹkan kan, mà.”

“Ó ṣófo.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Ṣé torí pé mo mú ọ̀rẹ́ rẹ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ ni? Ṣé inú mi ló ń bí ọ?”

“Rárá o, Àǹtí. Inú yín ò bí mi.” Ó wá ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe màmá mi.”

Ó padà sídìí ìgbálẹ̀ rẹ̀. Olùkọ́ ti rí ọmọ tó ń ṣagídí, ó sì ti rí ọmọ tó ń ṣọ̀lẹ. Èyí kò jọ ìkankan nínú méjèèjì, ọ̀rọ̀ náà sì bá a dé ilé.

Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ni olùkọ́ ń gbé. Aránṣọ ni ìyá náà kí ojú rẹ̀ tó ṣú. Ní báyìí, aṣọ ilé nìkan ló ń lẹ̀, ọmọ rẹ̀ a sì máa bá a ki òwú bọ abẹ́rẹ́ ní ìrọ̀lẹ́. Olùkọ́ mú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, ó sọ ọ̀rọ̀ ìwé òfìfo náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

“Ọmọ tó ga yẹn, ẹ̀yìn ló ń jókòó?” ìyá rẹ̀ bi í.

“Ẹ̀yìn ni, Màmá. Bí a ṣe ń tò wọ́n nìyẹn. Ẹni gíga kì í jókòó síwájú, kó má baà dí àwọn yòókù.”

“Ìkejì rẹ̀ ńkọ́?”

“Ó kúrú bí àtàǹpàkò.”

“Kí wá ni àtàǹpàkò ń wá lẹ́yìn?”

“Ọ̀rọ̀ sísọ ni, Màmá. Wọn kì í pè é ní Rédíò lásán.”

Ìyá rẹ̀ tún aṣọ orí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe. “Ṣé o rántí ọmọ iṣẹ́ mi tó máa ń kọrin?”

“Èyí tí àwọn oníbàárà ń sọ pé kò ní ìtẹríba? Mo rántí rẹ̀.”

“Ní ọdún tí ojú mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, mi ò sọ fún ẹnì kan. Ta ni ó fẹ́ gbé aṣọ fún aránṣọ tí kò ríran? Ọmọ yẹn nìkan ló mọ̀. Bí mo bá ti na téèpù mọ́ ìbàdí oníbàárà, yóò yọjú wò ó, yóò sì bú sórin: ‘Ogójì ó lé méjì o, ogójì ó lé méjì.’ Oníbàárà á ní, ‘Kí ló ń ṣe ọmọ yín? Ṣé ìbàdí mi ló fẹ́ fi ṣe orin ni?’ Èmi á ní, ‘Ẹ má dá a lóhùn, bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn.’” Ìyá àgbà náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. “Bí mo bá ní kó panu mọ́ lọ́dún náà, aṣọ gbogbo wọn ì bá fún wọn pa.”

Olùkọ́ kò rẹ́rìn-ín. Òwú wà ní ọwọ́ rẹ̀ kan, abẹ́rẹ́ wà ní èkejì, ó sì ń wo ihò abẹ́rẹ́ náà bí ẹni pé inú rẹ̀ ni yàrá kẹrin wà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́rú, kí agogo tó lù, ó pe Rédíò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri.

“Nígbà tí o ń jókòó lẹ́yìn, kí lo máa ń sọ?”

“Àǹtí, mo ti bẹ̀bẹ̀ lórí ìyẹn.”

“Mi ò bínú. Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni.”

“Ohun tí ẹ bá kọ ni mo ń sọ. Bí ẹ bá kọ díẹ̀, màá sọ díẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ kọ ìtàn odò tó gùn gbọọrọ yẹn, ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó.”

“Jẹ́jẹ́ lo ń kà á fún.”

Rédíò bojú wo ẹ̀yìn. “Mo ti ṣèlérí pé mi ò ní sọ fẹ́nì kankan. Àmọ́ ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ o, kì í ṣe èmi.”

“Kí ló dé tó fi ń fi pamọ́?”

“Ó sọ ọ́ rí, fún Bàbá Pàṣán. Wọ́n ní ojú ọ̀lẹ kì í rí iṣẹ́. Gbogbo kíláàsì fi í rẹ́rìn-ín fún ọ̀sẹ̀ kan. Ojú Ọ̀lẹ ni wọ́n ń pè é.”

“Èmi ńkọ́? Lọ́jọ́ tí mo mú ọ kúrò níbẹ̀, kí ló dé tí o kò sọ fún mi?”

Ọmọ náà wò ó bí ẹni tí ìbéèrè náà yà lẹ́nu. “Ẹ ní ká má sọ̀rọ̀, Àǹtí.”

Olùkọ́ mú un lọ́wọ́ wọlé.

Ó kọ́kọ́ rò pé àga lásán ni ọ̀rọ̀ náà, pé bí òun bá gbé Jẹ́jẹ́ wá síwájú, ó parí. Ó gbé e wá sí igun ọwọ́ òsì, lẹ́bàá fèrèsé, níbi tí gíga rẹ̀ kò ti ní dí ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, ọmọ náà ń ṣẹ́jú mọ́ pátákó bí ẹni tí èéfín kó sí lójú. Olùkọ́ bi kíláàsì bóyá ẹlòmíràn wà tí kò ríran dáadáa. Kò sí ọwọ́ kan tó lọ sókè. Ó yí ọgbọ́n padà. Ó kọ ọ̀rọ̀ mẹ́sàn-án sójú pátákó, èyí tó wà lókè tóbi bí ọwọ́, èyí tó wà nísàlẹ̀ kéré bí èèrà. Ó ní kí oníkálùkù kọ èyí tó bá rí sórí bébà, kó ká a, kó fi lé òun lọ́wọ́, ẹnì kankan kò ní mọ ti ẹnì kejì. Nígbà tó tú àwọn bébà náà wò ní àkókò ìsinmi, ọmọ mẹ́fà ni kò kọjá ọ̀rọ̀ kẹrin. Jẹ́jẹ́ kọ méjì.

Awò ojú kì í bọ́ láti ojú ọ̀run. Kí ó tó dé, ẹnu ni àwọn ọmọ mẹ́fà náà yóò máa fi ríran. Nítorí náà, lẹ́yìn ìsinmi, olùkọ́ yí òfin tí òun fúnra rẹ̀ ṣe padà.

“Láti òní lọ,” ó ní, “ẹ lè ka ohun tó wà lójú pátákó fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ṣùgbọ́n ohùn yín gbọ́dọ̀ dúró létí ẹni náà. Bó bá dé tábìlì kejì, ó ti ṣìnà. Bí ṣọ́ọ̀kì bá sì lọ sókè, kí gbogbo ẹnu pa dé.”

Ó dára létí. Ní ìṣe, ilé wó. Àwọn kan ka pátákó, àwọn kan ka ìròyìn ilé wọn, ẹnì kan ń ka iye eyín tó ti yọ. Kí aago kan tó lù, oyin ti padà sílé. Ọwọ́ olùkọ́ lọ sókè lẹ́ẹ̀meje, ìgbà keje nìkan ni gbogbo wọn dákẹ́.

Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà. “Olùkọ́, kí ni mò ń gbọ́ yìí?”

“Ìwé kíkà ni, mà.”

“Ọ̀la ni alábẹ̀wò ń bọ̀. Ṣé ẹ lè dá a padà sí bó ṣe wà lánàá?”

“Mo lè dá a padà, mà.”

Òtítọ́ ni. Ó lè dá a padà. Gbólóhùn kan péré ni yóò ná an: ẹ panu mọ́. Èyí gan-an ló ń dùn ún.

Ó sọ ọ̀rọ̀ náà fún Bàbá Pàṣán nígbà tí wọ́n ń ti yàrá àwọn olùkọ́. Ọkùnrin náà mú kọ́kọ́rọ́ dání, kò yí i.

“Ọmọ gíga yẹn? Ó sọ fún mi rí.” Ó wo kọ́kọ́rọ́ náà. “Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́.”

Ó yí kọ́kọ́rọ́ náà níkẹyìn.

“Síbẹ̀, àbúrò mi, alábẹ̀wò ò mọ gbogbo ìyẹn. Etí ló máa fi wọlé kó tó fi ojú wọlé. Jẹ́ kí wọ́n dákẹ́ lọ́la. Tó bá dọjọ́ Ẹtì, kí wọ́n máa ké bí ológoṣẹ́. Ọjọ́ kan péré ni.”

Ọjọ́ kan péré. Olùkọ́ gbé ọ̀rọ̀ náà sùn, ó gbé e jí. Nígbà tó fi máa kọ iṣẹ́ àkọ́kọ́ sójú pátákó ní òwúrọ̀ ọjọ́bọ̀, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń kí wọn bí wọ́n ti ń wọlé. Jẹ́jẹ́ ló dé kẹ́yìn, nítorí àwọn tí ń rìn jẹ́jẹ́ kì í ṣíwájú.

“Àǹtí, olórí kíláàsì ní àlejò ń bọ̀. Ṣé ká dákẹ́ lónìí?”

Olùkọ́ yà kúrò lójú ọ̀nà kí ọmọ náà lè rí iwájú. “Ṣé o rí ohun tí mo kọ síbẹ̀?”

Ó pẹ́ kí ọmọ náà tó dáhùn. Ó wo pátákó, ó wo ojú olùkọ́, ó ń wá ibi tí ẹ̀rín yóò ti yọ. Kò rí i.

“Rárá, Àǹtí,” ó ní. “Mi ò rí i.”

“Nígbà náà, ẹ má dákẹ́.”

Ó wọlé, ó gba ìwé aláriwo lọ́wọ́ olórí kíláàsì, ó sì pe Rédíò síwájú. “Orúkọ ọmọ yìí wà nínú ìwé yìí ju ti ẹnikẹ́ni lọ,” ó sọ fún gbogbo wọn. “Iṣẹ́ mi ló ń bá mi ṣe. Mi ò bi í léèrè, mo fi ìyà jẹ ẹ́. Mo ṣì í ṣe. Rédíò, má bínú.”

Wọn kò rí i rí kí àgbà máa bẹ ọmọdé lójú gbogbo ayé.

“Kò burú, Àǹtí,” Rédíò dáhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. “Ẹ máa ṣe dáadáa sí i.”

Ẹ̀rín sọ. Olùkọ́ gbé ṣọ́ọ̀kì sókè, ẹ̀rín náà sì wọlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó ti ìwé aláriwo mọ́ inú dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀, ó fi Rédíò jókòó ti Jẹ́jẹ́ ní igun fèrèsé, ó sì mú wọn dán ohùn tuntun náà wò lẹ́ẹ̀mẹta kí agogo kejì tó lù.

Alábẹ̀wò jẹ́ obìnrin àgbàlagbà kan tí bàtà rẹ̀ ń kígbe ju òun alára lọ. Òun àti ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ jókòó lẹ́yìn, lórí àga méjì, níbi tí Jẹ́jẹ́ fi sílẹ̀. Ìkùn pẹ̀lẹ́ wà nínú yàrá, bí omi tó ń hó lórí iná kékeré. Ojú ọ̀gá le. Alábẹ̀wò wo pátákó, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú. Nígbà tó yá, ó dìde, ó gbé àga rẹ̀ síwájú ní ìlà méjì.

“Ẹ̀yìn yẹn jìnnà o,” ó ní.

Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ bẹ́ sílẹ̀ nídìí tábìlì kẹfà. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ìlà kejì gbà á, ohùn bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ yíjú sí olùkọ́. Olùkọ́ gbé ṣọ́ọ̀kì sókè, ó dúró. Iwájú dákẹ́. Àárín dákẹ́. Ẹ̀yìn, ẹ̀yìn tó ti ń dà á láàmú láti ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, pẹ́ díẹ̀, òun náà sì dákẹ́. Páànù dún pà lórí wọn. Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀, ìkùn pẹ̀lẹ́ náà sì tún bẹ̀rẹ̀, ní ìwọ̀n tirẹ̀.

Alábẹ̀wò kọ nǹkan sílẹ̀. Ó rìn láàárín wọn, ó ń ṣí ìwé. Ó dé ọ̀dọ̀ Jẹ́jẹ́. Ó ṣí ojú ewé tó kún, ó ṣí àwọn tó ṣófo, ó ṣí ti àná àti ti òní, tí wọ́n tún kún.

“Kí ló ṣẹlẹ̀ níbí? Ṣé ọmọ yìí ṣàìsàn ni?”

Ó fi èsì sí olùkọ́ lẹ́nu, ó kù kó gbé e mì. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ mi orí díẹ̀, bí ẹni ń sọ pé, gbà á. Olùkọ́ rí yàrá ìwé tí kò ní fèrèsé lójú ara rẹ̀ kedere.

“Kò ṣàìsàn, mà. Èmi ni. Ojú rẹ̀ kò gbé e dé pátákó, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń kà á fún un. Mo pe ìyẹn ní ariwo, mo sì mú ọ̀rẹ́ náà kúrò. Ìdákẹ́jẹ́ tí mo rí ni ó fa òfìfo yìí.”

Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ di ojú. Alábẹ̀wò wo olùkọ́, ó wo Rédíò, tó ti fi ọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀, ó sì padà sórí àga rẹ̀, ó kọ̀wé fún ìgbà pípẹ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni ọ̀gá pe olùkọ́ láti ka ohun tí alábẹ̀wò kọ fún un. “Ariwo díẹ̀ wà. Ètò wà. Olùkọ́ mọ ohun tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ń ṣe, ó sì mọ àṣìṣe tirẹ̀.” Ó pa ìwé náà dé. “Mi ò mọ̀ bóyá ìyìn ni tàbí ìbáwí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ ni wọ́n títí ọdún yóò fi parí. Lẹ́yìn ìyẹn, a óò tún jókòó sọ ọ́. Alábẹ̀wò ní kí n kọ lẹ́tà sí oníṣègùn ojú, kó wá yẹ àwọn mẹ́fà náà wò. Mo ti kọ ọ́.”

“Mo dúpẹ́, mà.”

“Ẹ má tíì dúpẹ́. Ẹ sọ fún Rédíò kó rọra.”

Bàbá Pàṣán ń dúró dè é lọ́nà. Kò ṣàwàdà. Ó tẹ́ ọwọ́ síwájú bí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. “Ọ̀rọ̀ mẹ́sàn-án tó ń kéré sí i yẹn, bá mi kọ ọ́ sórí bébà. Mo fẹ́ fi wo ojú àwọn tèmi.”

Ó kọ ọ́ fún un. Lẹ́yìn náà ni ó padà sí yàrá kẹrin. Àwọn ọmọ ti lọ, àfi méjì, gíga kan, kúkúrú kan, ní igun fèrèsé, nítorí ó ti ní kí wọ́n dúró. Ìwé àjákọ Jẹ́jẹ́ wà níwájú wọn, ó ṣí sí ojú ewé àkọ́kọ́ tó ṣófo. Olùkọ́ fa àga sí tòsí wọn, nítòsí débi tí kò ti sí pátákó láàárín wọn, ó sì mú pẹ́ńsùlù.

Gbèsè ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ẹ̀kọ́ ni ó jẹ Jẹ́jẹ́. Ọjọ́ kìn-ín-ní ni wọn yóò fi bẹ̀rẹ̀.